Bí Agogo Bá Dún, Ta Ni Yóò Kú? Eré Adéwálé àti Àwọn Eré Tó Ṣáájú Rẹ̀

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí akọni kan tó ń jẹ́ Adéwálé ti ń bẹ nínú ọ̀kan lára àwọn eré fídíò tó lókìkí jù lọ lágbàáyé. Kò sí ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ, ọmọ Àjàṣẹ́ tàbí ọmọ Ifẹ̀ ní Atakpamé tí yóò gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀: adé wá sí ilé. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, orúkọ tó bá sì ní adé nínú ń tọ́ka sí ìdílé tí wọ́n ti ń jọba. Ṣùgbọ́n Adéwálé inú eré yìí kò mọ ilé tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní erékùṣù Trinidad, ní ìgbà tí àwọn ará Yúróòpù ń kó ènìyàn láti etíkun wa lọ sí òkè òkun.

Eré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ni Freedom Cry, èyí tí àwa tó ń ka èdè Faransé mọ̀ sí Le Prix de la liberté. Ilé iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbé e jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2013; ẹ̀ka wọn tó wà ní ìlú Québec ní Kánádà ni ó ṣe é. Ó kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí àfikún sí Assassin's Creed IV: Black Flag, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á lọ́tọ̀ ní ọdún 2014. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: kí ni eré yìí ṣe tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ṣe, kí sì ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀? Lójú tiwa, ìdáhùn náà wà nínú òfin kan ṣoṣo. Òfin náà kò gùn ju gbólóhùn kan lọ, síbẹ̀ ó yí ìtumọ̀ ìfarapamọ́ padà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ṣàlàyé irú eré tí à ń sọ fún àwọn òbí tí wọn kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Nínú ọ̀pọ̀ eré fídíò, agbára ni a fi ń ṣẹ́gun. Ẹni tó bá tètè yìnbọn, tí ọgbẹ́ kò sì tètè pa, ni yóò borí. Eré ìfarapamọ́ yàtọ̀. Ojú ọ̀tá ni ewu tó tóbi jù níbẹ̀. Akọni gbọ́dọ̀ máa yọ́ rìn, kí ó wo ibi tí ẹ̀ṣọ́ kọjú sí, kí ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí yóò kọjá. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹni tó bá kánjú, ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá ni yóò yí i ká kí ó tó ṣẹ́jú.

Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Eré ìfarapamọ́ tó dára máa ń ṣí ọ̀nà púpọ̀ sílẹ̀: a lè gba orí òrùlé, a lè gba inú koríko, a lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọjà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi ọ̀kan wé èkejì, ìbéèrè mẹ́ta ni a lè bi í. Níbo ni akọni ń fara pamọ́ sí? Nítorí kí ni ó ṣe ń fara pamọ́? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá rí i? Ìbéèrè kẹta yìí ni a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí òun ni yóò darí wa títí dé òpin.

Àwọn tó ṣáájú

Eré àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ yìí, Assassin's Creed, jáde ní ọdún 2007 láti ọwọ́ ẹ̀ka Ubisoft ní Montréal. Ọdún 1191 ni ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀, nígbà ogun Croisade kẹta, ní ìlú Damas, Acre àti Jerúsálẹ́mù. Altaïr ni akọni rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ Templier jà. Aṣọ funfun tí ó wọ̀ jọ ti àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú, nítorí náà ó lè rọra wọ àárín wọn, kí ó tẹrí ba, kí ó sì gba iwájú ẹ̀ṣọ́ kọjá. Bí wọ́n bá rí i, yóò sá, yóò gun òrùlé, yóò sì bẹ́ sínú òkìtì koríko gbígbẹ títí tí ìlú yóò fi rọ̀. Nǹkan kan tún wà nínú eré yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé. Bí Altaïr bá gba ará ìlú kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń fìyà jẹ ẹ́, àwọn ènìyàn onítọ̀hún yóò máa ràn án lọ́wọ́ ní àdúgbò náà: àwọn kan yóò di ẹ̀ṣọ́ mú kí ó lè sá lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, eré yìí ti ń san èrè fún ẹni tó bá gba ènìyàn sílẹ̀. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 2009, Assassin's Creed II gbé wa lọ sí Florence àti Venise ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ezio Auditore kò nílò aṣọ ọ̀mọ̀wé mọ́. Àárín èrò èyíkéyìí tó fún un láti fara pamọ́. Ó tún lè fi owó háyà àwọn olè, àwọn jagunjagun aláṣẹgbà tàbí àwọn obìnrin panṣágà kí wọ́n lè fa ojú ẹ̀ṣọ́ sí ibòmíràn. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti bàjẹ́ jù ní ìlú, yóò ya àwọn ìwé tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí kúrò lára ògiri, tàbí kí ó fún akéde ìlú ní rìbá. Ìfarapamọ́ ti di ohun tí owó lè rà.

Ní ọdún 2012, eré kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ àfọwọ́mú jáde, Assassin's Creed III: Liberation. Aveline de Grandpré ni akọni rẹ̀, ní Nouvelle-Orléans, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Oníṣòwò ará Faransé ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin ará Áfíríkà tí wọ́n sọ di ẹrú. Aveline ní aṣọ mẹ́ta. Bí ó bá wọ aṣọ ìyálóde, àwọn ọkùnrin yóò máa bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò ní lè gun ògiri. Bí ó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀, ó lè jà dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tí kò ní fura sí i. Bí ó bá wọ aṣọ ẹrú, ó lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀. Èyí jẹ́ àkíyèsí tó jinlẹ̀ púpọ̀. Ohun tí àwọn olówó ẹrú fi ń rẹ ènìyàn sílẹ̀, ìyẹn ni pé wọn kì í wò ó gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, ni obìnrin yìí sọ di ìbòrí. Jill Murray wà lára àwọn tó kọ ìtàn Liberation, òun náà ni ó sì kọ ti Freedom Cry lẹ́yìn náà. A kò lè sọ pé eré Adéwálé ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run.

Lẹ́yìn èyí ni Black Flag dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Edward Kenway, ọmọ ilẹ̀ Wales, di jàǹdùkú orí òkun ní agbègbè Caraïbes. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ pàdé Adéwálé. Inú ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì ni òun àti Edward ti jọ wà ní ìgbèkùn. Wọ́n jọ já ara wọn gbà, wọ́n sì jí ọkọ̀ kan gbé, èyí tí wọ́n sọ ní Jackdaw. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, Adéwálé fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn atukọ̀ aláwọ̀ funfun kò ní gba aláwọ̀ dúdú ní olórí. Edward di ọ̀gá, Adéwálé di igbá-kejì rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ wúrà sú Adéwálé, ó fi Edward sílẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ nítorí ó ń wá ohun tó ju owó lọ.

Oko kan náà, ẹrù mìíràn

Freedom Cry bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1735. Adéwálé ti di ọ̀gá ọkọ̀ tirẹ̀. Ìjì mú un, ó sì bá ara rẹ̀ ní etíkun Saint-Domingue, ilẹ̀ tí a ń pè ní Háítì lónìí, tí ó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà. Ó gbé ẹrù kan lọ́wọ́ tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ Bastienne Josèphe, obìnrin kan tó ní ilé aṣẹ́wó ní Port-au-Prince, tí ó sì ń ran àwọn ẹrú tó sá lọ sínú igbó lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn Faransé ń pè ní Marron. Láti ìgbà náà lọ, ìjà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Templier di ohun ẹ̀yìn. Oko ìrèké, ọjà ẹrú àti ọkọ̀ akẹ́rú ni ó gba iwájú.

Bí a bá wo eré náà láti òkè, a ó rò pé kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Koríko tí Edward ń ba sí náà ni Adéwálé ń ba sí. Ẹ̀ṣọ́ orí òpó ń bẹ níbẹ̀, agogo ìdágìrì ń bẹ níbẹ̀. Lóòótọ́, Adéwálé ní àdá dípò idà, ó ní ìbọn ẹlẹ́nu fífẹ̀ tó lè gbá ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní irú ẹ̀tù tó ń dún pàì-pàì tí àwọn ọmọdé máa ń jù nígbà ọdún Kérésìmesì, èyí tí ó fi ń tan ẹ̀ṣọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun èlò nìkan kì í sọ eré di tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a fi oko wé oko. Ní Black Flag, Edward máa ń wọ oko ìrèké ní ìkọ̀kọ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kan, kí ó ṣí àká, kí ó sì kó ṣúgà àti ọtí rọ́ọ̀mù lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ bá rí i, agogo yóò dún, ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ sí i yóò dé, iṣẹ́ náà yóò le sí i. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà inú àká kò ní bàjẹ́, ọtí kò ní dànù. Ẹni tó bá gbóná lọ́wọ́ lè pa gbogbo wọn kí ó sì kó ẹrù rẹ̀ máa lọ.

Adéwálé wọ irú oko kan náà. Kò wá ṣúgà. Àwọn tó ń gé ìrèké náà ni ó bá wá. Òfin kan ṣoṣo tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ sì rèé: bí àwọn alábòójútó oko bá rí i, tí ìdágìrì bá sọ, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ẹrú. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ tó ni iye àwọn tó ṣẹ́ kù láti gbà sílẹ̀ yóò máa dín kù.

Òfin yìí yí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta wa padà pátápátá. Fún Altaïr, fún Ezio àti fún Edward, ẹni tí wọ́n rí ni yóò jìyà. Fún Adéwálé, ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè náà. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá. Eré yìí sọ òwe náà di ohun tí ìka ọwọ́ lè mọ̀. Ẹni tó ti fi àdá ṣẹ́gun ogún ẹ̀ṣọ́ ní ìgboro yóò dé oko, yóò rí i pé agbára òun kò wúlò, nítorí bí òun tilẹ̀ borí, àwọn tí òun wá gbà ti kú. Ìfarapamọ́ kì í ṣe ọgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà mọ́, ó ti di ojúṣe. Sùúrù di irú ìfẹ́ kan. A kò rí eré kan nínú àwọn tó ṣáájú tó mú ẹni tó ń ṣeré dé irú ibẹ̀ yẹn.

Orí omi náà kò yàtọ̀. Ní Black Flag, Edward lè fi ìbọn ńlá lu ọkọ̀ èyíkéyìí títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rì, kí ó tó gun orí rẹ̀. Nígbà tí Adéwálé bá pàdé ọkọ̀ akẹ́rú, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ṣe. Àwọn ọkọ̀ ogun tó ń sin ín ni ó gbọ́dọ̀ bá jà, láìjẹ́ kí ọta ìbọn ba ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn wà nínú ikùn rẹ̀. Apá kan wà nínú ìtàn náà tí ọkọ̀ akẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí rì, tí Adéwálé sáré wọ inú rẹ̀. Omi ń wọlé, àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè tó gbogbo wọn. Kò sí ọgbọ́n tí ẹni tó ń ṣeré lè dá kí gbogbo wọn yè. A rò pé èyí ni ó jẹ́ òótọ́ jù lọ nínú gbogbo eré náà.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ

Nísinsìnyí, ó yẹ kí a sọ ibi tí eré náà ti kù díẹ̀ káàtó. A kò sọ̀rọ̀ nípa kíkúrú rẹ̀, nítorí àfikún ni, ìlú tó wà nínú rẹ̀ kò sì tóbi. A kò tún ní pẹ́ lórí àwọn iṣẹ́ títọpasẹ̀ ènìyàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ó jogún lọ́wọ́ Black Flag tí ó sì máa ń sú ni. Àbùkù tó dùn wá jinlẹ̀ jù ìyẹn lọ.

Ní ojú ìgboro Port-au-Prince inú eré náà, Adéwálé máa ń bá onírúurú ìyà pàdé: ibi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn ní gbàǹjo, ẹni tó ń sá lọ tí wọ́n ń lé, ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú àgò, ẹni tí alábòójútó ń nà. Bí ó bá gba ọ̀kan, nọ́ńbà kan yóò gòkè lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí nọ́ńbà náà bá pọ̀ tó, ohun ìjà tó dára sí i yóò ṣí sílẹ̀ fún un. Ìránlọ́wọ́ tí Altaïr ń rí gbà ní 2007, àwọn jàǹdùkú òkun tí Edward ń gbà sílẹ̀ kí wọ́n lè di atukọ̀ rẹ̀ ní Black Flag, òfin kan náà ni wọ́n gbé wá síbí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ìtàn jàǹdùkú òkun mu lè má bá ìtàn ẹrú mu.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìdí pọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi kórìíra irú kíkà bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a rántí pé àwọn oníṣòwò ẹrú ni wọ́n sọ kíkà ènìyàn di iṣẹ́. Nínú ìwé ìṣirò wọn, àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan, pièce d'Inde, tí wọ́n fi ń wọn iye tí ènìyàn tó: géńdé ọkùnrin tí ara rẹ̀ le jẹ́ ọ̀kan, ọmọdé àti arúgbó kò tó ọ̀kan. Eré tí ó fẹ́ bá àwọn ẹrú kẹ́dùn wá ń kà wọ́n, ó sì ń fi iye wọn ṣí ilé ìṣúra. Adéwálé ní orúkọ. Bastienne ní orúkọ. Augustin Dieufort, olórí àwọn Marron, ní orúkọ. Gómìnà tí wọ́n ń bá jà, Marquis de Fayet, ní orúkọ, ó sì jẹ́ ẹni tó wà nínú ìtàn lóòótọ́. Àwọn yòókù tí a gbà sílẹ̀ kò ní ju nọ́ńbà lọ.

Àwọn kan lè dá wa lóhùn pé bí àwọn ìyà náà ṣe ń tún ara wọn ṣe láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀kọ́ nínú. Bí Adéwálé bá gba ẹnì kan ní ìkóríta, tí ó bá rìn síwájú tí ó sì padà, yóò tún bá òmíràn níbẹ̀. Akọni kan ṣoṣo kò lè fi àdá pa ètò kan tí ìjọba kan gbé kalẹ̀. Àlàyé yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ọkàn ẹni tó ń ṣeré ṣe ń yí padà. Ní wákàtí àkọ́kọ́, yóò sáré lọ gba ẹni tó ń ké nítorí àánú. Ní wákàtí karùn-ún, yóò máa wá ẹni tó ń ké kiri nítorí ìbọn tó fẹ́ gbà. Òfin oko kọ́ ọ ní ẹ̀rù fún ẹ̀mí. Òfin nọ́ńbà ń gbàgbé ohun tí òfin oko kọ́ ọ. Àkọlé Faransé eré náà ń sọ̀rọ̀ nípa iye owó òmìnira, ó sì dà bí ẹni pé ó sọ ju ohun tí ó ní lọ́kàn láti sọ.

Ohun tí ìtàn sọ

Olùkọ́ ni wá, a kò sì ní ṣe ojúṣe wa bí a kò bá fi eré náà sórí òṣùwọ̀n ìtàn. Port-au-Prince tí eré náà fi hàn ní 1735 kò tíì wà gẹ́gẹ́ bí ìlú. Ọdún 1749 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ìkà tí ó fi hàn kò lé rárá. Ọba Louis Kẹrìnlá ti fi òfin Code Noir lélẹ̀ ní 1685. Abala kejìdínlógójì rẹ̀ sọ pé ẹrú tó bá sá fún oṣù kan, wọn yóò gé etí rẹ̀ méjèèjì, wọn yóò sì fi irin gbígbóná tẹ òdòdó lílì sí èjìká rẹ̀ kan. Bí ó bá sá lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò gé iṣan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, wọn yóò tẹ àmì náà sí èjìká kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ikú ni. Ẹni tó bá mọ abala yìí yóò mọ ohun tí ó wà ní ọkàn ẹrú inú eré náà tí ó ń wo igbó níwájú rẹ̀ tí kò sì tíì gbéra.

Orin eré náà tún so mọ́ ìtàn. Olivier Derivière, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ ọ́, ó sì bá ẹgbẹ́ onílù Háítì kan, La Troupe Makandal, ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ náà wá láti ara Makandal, Marron tí àwọn Faransé dáná sun ní Cap-Français ní 1758. Nínú ìlù Háítì, àwa náà wà níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn aládùúgbò wa ń pè wá ní Benin, Nàgó, ni orúkọ ọ̀wọ́ òrìṣà kan nínú ẹ̀sìn vodou Háítì títí di òní, Ògún sì ni olórí rẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àjàṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èbúté tí Ọ̀yọ́ ti ń ta ènìyàn fún àwọn ará Yúróòpù. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ lọ kò gbé adé lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ lọ. Nítorí náà, orúkọ Adéwálé nínú eré yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lójú wa.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa lè fi í ṣe

Kì í ṣe eré ọmọ kékeré. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn òbí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́ tó ti dàgbà tó, a ní ìmọ̀ràn kan. Ẹ ṣe oko kan ní Black Flag, kí ẹ sì ṣe oko kan ní Freedom Cry ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka abala kejìdínlógójì inú Code Noir, kí ẹ sì kọ ojú ewé kan lórí ohun tó yàtọ̀ nínú bí ọwọ́ yín ṣe gbọ̀n nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kọjú sí yín. Ẹni tó bá ṣe èyí yóò mọ̀ pé òfin eré jẹ́ ọ̀nà kan láti sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlù àti ààlọ́ ti jẹ́. Ẹni tó kọ òfin ni ó pinnu ohun tí ọkàn wa yóò bẹ̀rù.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ bí ìtàn Adéwálé ṣe parí. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ kan náà gbé Assassin's Creed Rogue jáde. Shay Cormac, tí ó fi ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ tí ó sì lọ bá àwọn Templier, ni akọni rẹ̀. Shay ni ó pa Adéwálé, ẹni tó ń ṣeré sì ni ó ń darí ọwọ́ Shay. Ìka tí ó ṣọ́ra nínú koríko ní Saint-Domingue kí ẹnikẹ́ni má bàa kú nítorí rẹ̀, òun náà ni yóò tẹ bọ́tìnnì tí yóò pa á. Adé kò délé.

Àwọn kan nínú yín ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà báyìí, ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní òkè òkun. Bí ọjọ́ kan bá ń bọ̀ tí ẹ ó ṣe eré tiyín nípa ìgbà náà, bóyá nípa Kétu àti Àkàbà Ìdènà rẹ̀, bóyá nípa ìrìn àwọn tí wọ́n mú lọ sí etíkun, ẹ jogún òfin agogo lọ́wọ́ eré yìí, nítorí ó dára púpọ̀. Ẹ fi òfin nọ́ńbà sílẹ̀ fún wọn. Bí akọni yín bá gba ènìyàn kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti oríkì ìdílé rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣeré sì máa rántí rẹ̀ bí ó bá tún pàdé rẹ̀ ní ìkóríta. Iṣẹ́ púpọ̀ ni yóò jẹ́ fún ẹni tó ń ṣe eré náà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń ṣe é fún ìgbà pípẹ́, ní gbogbo ọjọ́ kẹjọ tí a bá bí ọmọ.